Ìwé Ìtàn Lábẹ́ Oòrùn: Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn

Ìbéèrè tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa lásìkò yìí dá lórí ìwé ìtàn àròsọ tí èèyàn fẹ́ kà níta nígbà ooru: èwo ló yẹ ká gbé jáde, ibo ló yẹ ká jókòó sí, kí ló ń tú ìwé, kí la sì ń ṣe fún èyí tó bọ́ sómi. A ti pa àwọn tó jọra pọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìwé tí mi ò lè gbé sílẹ̀ nínú ilé, bí mo bá gbé e jókòó síta báyìí, kí n tó ka ojú ìwé mẹ́ta, ọkàn mi ti lọ. Ṣé èmi ni àbí ìwé náà?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe ìwé. Ìta ni. Nínú ilé, ìwé nìkan ló wà níwájú yín. Níta, ẹyẹ á fò kọjá, ọmọdé á ké, ibòòji á sún kúrò lẹ́sẹ̀ yín, ẹni tó ń kọjá á kí yín, ẹ ó sì jẹ́ ẹ. Kí wákàtí kan tó pé, ojú lè ti kúrò lórí ìwé nígbà ogún. Nítorí náà, adùn nìkan kọ́ là ń wò tí a bá ń yan ìwé ìta. A ń wò ó bóyá ìwé náà gba ìdádúró: ṣé èèyàn lè gbé e sílẹ̀, kó tún gbé e, láìjẹ́ pé ó ń ṣí ẹ̀yìn wá ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé?

Ẹ lè dán an wò kí ẹ tó jáde. Ẹ ṣí ìwé náà sí àárín, ẹ ka ojú ìwé méjì, ẹ pa á dé, kí ẹ wo nǹkan mìíràn fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá ṣí i padà. Bí gbólóhùn méjì bá ti tó láti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ibi tí wọ́n wà, ẹ gbé e jáde. Bó bá di dandan kí ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orí, ẹ fi í sílẹ̀ di alẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí orí kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Ẹni tó ń kàwé Gẹ̀ẹ́sì láìkánjú máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan nínú ìwé ìtàn ẹlẹ́yìn rírọ̀ sì sábà máa ń gba ọ̀rọ̀ 250 sí 350. Orí tó ní ojú ìwé mẹ́wàá á gbà yín tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì yá láti parí kí nǹkan tó pè yín. Tí ìwé náà bá jẹ́ ti Yorùbá, tí ojú yín ò sì tíì mọ́ àmì ohùn dáadáa, ẹ fi díẹ̀ kún un.

Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938 yege nínú àyẹ̀wò yìí láìlàágùn. Ó kọ ọ́ bí ìtàn tí ẹnì kan ń rò fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀: Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tó ń ròyìn ìrìn-àjò rẹ̀, á sọ títí, á dá ọ̀rọ̀ dúró, á sì padà wá nígbà mìíràn. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé olùgbọ́ á dìde lọ. Ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé gbólóhùn Fágúnwà máa ń gùn bí òwú tí kò tán. Ẹ má ṣe dúró láàárín gbólóhùn. Ẹ dúró níbi tí ìpínrọ̀ bá parí sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó tún un kà látòkè. Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ti ọdún 1969, yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ló ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn níbẹ̀, ìtàkùrọ̀sọ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìtàkùrọ̀sọ máa ń ran ojú lọ́wọ́ níta, torí pé ìlà kúkúrú ni wọ́n, ojú sì tètè ń rí ibi tó fi wọ́n sí.

Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, Things Fall Apart (1958) ní orí 25, kò sì sí èyí tó ń fa ara gùn nínú wọn. The Great Gatsby (1925) ní orí mẹ́sàn-án péré, ìgbà ooru ọdún 1922 ni ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀, orí keje níbi tí ooru ti mú gbogbo wọn dé góńgó sì dùn ún kà nígbà tí òógùn bá ń bọ́ lára ẹni tó ń kà á. The Summer Book tí Tove Jansson kọ (1972) ni a máa kọ́kọ́ nà sí ẹni tí àyíká rẹ̀ kún fún ariwo: ọmọbìnrin kékeré kan àti ìyá rẹ̀ àgbà ló wà ní erékùṣù kan, orí kọ̀ọ̀kan sì dá dúró gedegbe. Bí ẹ bá fo ọ̀kan, ẹ kò pàdánù ibi tí ìtàn dé.

Kì í ṣe gbogbo ìwé kúkúrú ló dára níta o. The Old Man and the Sea (1952) kò gùn, bí ọ̀rọ̀ 27,000 ni, ṣùgbọ́n kò ní orí kankan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ilẹ̀kùn tí èèyàn lè gbà jáde. Ẹ wá wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni ò ní dí yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé tí a kò ní gbé jáde rárá ni One Hundred Years of Solitude (1967). Ìwé ńlá ni, kò sí ẹni tó jiyàn ẹ̀, àmọ́ orúkọ bàbá ni wọ́n ń sọ ọmọ, orúkọ ọmọ ni wọ́n ń sọ ọmọ-ọmọ. Ọmọkùnrin 17 tí ọ̀gágun kan bí ló ń jẹ́ Aureliano. Ẹ gbójú sókè wo ẹyẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ti sọnù.

Bó bá jẹ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lẹ fẹ́ràn, ẹ kọ orúkọ àwọn èèyàn inú rẹ̀ sórí páálí tí ẹ fi ń sàmì sí ibi tí ẹ kà dé. And Then There Were None (1939) kó èèyàn mẹ́wàá jọ sórí erékùṣù kan. Orúkọ mẹ́wàá àti iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe, ìlà mẹ́wàá, ó tán.

Ìbéèrè: Ìgbà ooru nìkan ni mo ń ráyè fún ìwé tó nípọn. Ṣé kò sí bí mo ṣe lè gbé irú rẹ̀ jáde?

Ìdáhùn: Ó wà. Ẹ yan èyí tí wọ́n kọ ní kúkúrú kúkúrú láti ìbẹ̀rẹ̀. The Count of Monte Cristo jáde nínú ìwé ìròyìn díẹ̀díẹ̀ láàárín 1844 sí 1846, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí orí rẹ̀ fi jẹ́ 117, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń parí níbi tí ọkàn èèyàn ti ń fò sókè. Bí ẹ bá ń ka orí mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ 39 ló máa gbà yín. Moby-Dick (1851) ní orí 135, púpọ̀ nínú wọn kò sì ju ojú ìwé mélòó kan lọ. Orí 32 níbi tó ti ń to oríṣiríṣi àbùùbùtán lẹ́sẹẹsẹ gùn, ó sì gbẹ. Ẹ kà á nínú ilé, tàbí kí ẹ fò ó, a ò ní fẹjọ́ yín sùn.

Ìwúwo ló kù. Ìwé tó lé ní ẹgbẹ̀rún ojú ìwé lè wúwo tó kílò kan, àtàǹpàkò tó sì ń dá ìwé sí méjì ló kọ́kọ́ máa ń ro. Ẹ gbé báàgì tàbí ìrọ̀rí lé itan, kí ìwé sinmi lé e, kí ọwọ́ máa ṣí i nìkan. Àwọn kan ń fi ọ̀bẹ gé ìwé sí méjì. Ìwé wọn ni, ṣùgbọ́n gbàrà tí ọ̀bẹ bá ti kan ẹ̀yìn ìwé, góòmù ibẹ̀ kò tún dì mú ojú ìwé tó wà létí ibi tí wọ́n gé. Ó sàn kí ẹ gba ẹ̀dà orí ẹ̀rọ. Àwọn ìwé tí ẹ̀tọ́ oníwèé ti parí lé lórí, irú méjèèjì tí a dárúkọ yìí, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ilé ìkówèésí orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Ojú máa ń ro mí tí mo bá kàwé níta, orí á sì máa fọ́ mi nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ló dára fún ìwé kíkà. Kí ló wá dé?

Ìdáhùn: Ìmọ́lẹ̀ náà ló pọ̀ kọjá ààlà. Oòrùn ọ̀sán gangan, tí kò sí kùrukùru, máa ń da tó nǹkan bí 100,000 lux (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀) sórí ìwé. Iná tábìlì tí à ń kàwé sí nínú ilé kì í sábà ju 300 sí 500 lọ. Bébà funfun lábẹ́ irú oòrùn bẹ́ẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú yín bíi dígí, ojú á fún pọ̀, iṣan iwájú orí á sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ibẹ̀ ni orí fífọ́ ti ń wá. Ibòòji tó dáa ṣì ní tó 10,000 lux, ìyẹn ìlọ́po ogún ìmọ́lẹ̀ tábìlì. Nítorí náà, kò sí ìdí tí èèyàn fi ní láti jókòó sínú oòrùn torí kó lè ríwèé kà.

Ibòòji wá ju ẹyọ kan lọ. Ibòòji abẹ́ igi tí ewé rẹ̀ fọ́nká dùn ún wò, kò dùn ún kàwé sí: oòrùn ń yọ́ gba àárín ewé kọjá, atẹ́gùn ń mì ín, ààmì ìmọ́lẹ̀ á sì máa jó lórí ìlà tí ẹ ń kà. Ibòòji ògiri tàbí ti ewé tó ki dára jù. Agboòrùn náà dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ àwọ̀ rẹ̀: agboòrùn pupa á sọ bébà di pupa, lẹ́tà dúdú á sì rẹ̀wẹ̀sì lórí rẹ̀. Èyí tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ eérú ni kí ẹ yàn. Níbi tí omi tàbí iyanrìn bá wà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, torí pé àwọn náà ń ta oòrùn padà láti ìsàlẹ̀, agboòrùn kò sì lè dí ìyẹn.

Ibi tí ẹ gbé àga sí lórí ibòòji ṣe pàtàkì. Bí oòrùn ṣe ń lọ síwọ̀-oòrùn ni ibòòji ń rìn lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó jókòó sí etí ìwọ̀-oòrùn ibòòji náà á máa gbé àga kiri ní gbogbo ìdajì wákàtí. Ẹ jókòó sí etí ìlà-oòrùn rẹ̀, ibòòji á máa bọ̀ wá bá yín.

Bébà tó ní àwọ̀ wàrà sàn ju funfun báláú lọ fún ìta, lẹ́tà tó tó bí pọ́ìǹtì mọ́kànlá sì sàn ju mẹ́sàn-án lọ. Èyí kan ìwé Yorùbá gan-an. Nínú ìtẹ̀wé tó kéré, kán abẹ́ ẹ àti ọ ló kọ́kọ́ ń sọnù nínú ìtànṣán, àmì orí wọn á sì tẹ̀ lé e. Bí awò dúdú bá wù yín, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ UV400 sí lára (ó ń dí ìtànṣán oòrùn tó ń pa ojú lára), kó jẹ́ àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ má gbé awò ìkàwé tàbí awò tí ń sọ nǹkan di ńlá kalẹ̀ sórí ìwé tó ṣí sílẹ̀ sínú oòrùn kí ẹ wá dìde lọ: ó lè kó oòrùn jọ sójú kan, kó sì jó bébà.

Ti awọ ara, ẹ wo òjìji yín. Bó bá ti kúrú ju yín lọ, oòrùn ti le, ibòòji ló kàn.

Ìbéèrè: Orí fóònù ni mo ń kàwé. Tí mo bá wọ awò dúdú, ojú fóònù máa ń dúdú kirikiri. Lọ́jọ́ mìíràn ó máa ń ṣókùnkùn fúnra rẹ̀ bí mi ò tiẹ̀ wọ awò. Mo wá ra ẹ̀rọ ìkàwé, ó dára lójú oòrùn, ṣùgbọ́n ìwé Yorùbá tí mo gbé sí i ń fi àpótí kéékèèké hàn dípò lẹ́tà.

Ìdáhùn: Ìṣòro mẹ́ta lẹ kó jọ. Ti awò dúdú kọ́kọ́: awò tí wọ́n ń pè ní polarized ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó dúró ní ìhà kan ṣoṣo kọjá, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára ọ̀pọ̀ ojú fóònù náà sì dúró ní ìhà kan. Bí ìhà méjèèjì bá dábùú ara wọn, kò sí ohun tó máa kọjá. Ẹ yí fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́, ó máa mọ́lẹ̀ padà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lo awò dúdú tí kì í ṣe polarized.

Ti pé ó ń ṣókùnkùn fúnra rẹ̀: ooru ni. Ọ̀pọ̀ fóònù àti ẹ̀rọ ìkàwé ni wọ́n ṣe láti ṣiṣẹ́ láàárín 0 sí 35 dígíríì Celsius. Nínú oòrùn, ara fóònù dúdú máa ń kọjá ìyẹn kíákíá, ó sì ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù láti dáàbò bo bátìrì. Ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ yọ èèpo rọ́bà ara rẹ̀, ẹ má sì fi sórí iná nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ má gbé e sínú fìrísà o! Ìrì á dì sínú rẹ̀. Níta, lẹ́tà dúdú lórí ojú funfun ni kí ẹ lò. Lẹ́tà funfun lórí ojú dúdú tó dára lálẹ́ máa ń di dígí lọ́sàn-án, ojú ara yín lẹ ó máa rí.

Ẹ̀rọ ìkàwé bíi Kindle tàbí Kobo kò ní ìṣòro dígí yìí, torí pé ìmọ́lẹ̀ àyíká ló ń lò bíi bébà. Bí oòrùn ṣe ń le sí i ni lẹ́tà rẹ̀ ń hàn sí i. Bí wọ́n bá kọ IPX8 sí tiyín, ìyẹn àmì pé ó lè bọ́ sómi láìbàjẹ́, omi tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n fi dán an wò. Bó bá bọ́ sínú òkun, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ délẹ̀ kí ẹ tó fi okùn iná sí i.

Wàyí o, àpótí kéékèèké. Lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Lẹ́tà ẹ tó ní kán lábẹ́ ní nọ́ńbà kan (U+1EB9), àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀ ní òmíràn (U+0301), fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì tó ń ya àwòrán lẹ́tà, ló sì gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe gbé èkejì lé èkíní lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n ń fi àpótí hàn, tàbí kó ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif; ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ fi okùn USB so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ da fáìlì TTF tàbí OTF náà sínú fódà tó ń jẹ́ fonts (bí ẹ kò bá rí i lórí Kobo, ẹ dá a sílẹ̀ fúnra yín), ẹ yọ okùn, ẹ ṣí ìwé, ẹ sì yan fọ́ǹtì náà níbi tí wọ́n kọ Aa sí. Ẹ kó gbogbo fáìlì fọ́ǹtì náà, èyí tó dúró àti èyí tó tẹ̀, torí bí èyí tó tẹ̀ kò bá sí, àpótí á tún yọjú níbi tí òǹkọ̀wé bá ti tẹ ọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni tan yín pé kí ẹ kúkú wá ẹ̀dà tí kò ní àmì. Lórí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, oòrùn tó ń ràn, oorun tó ń kun èèyàn àti òórùn tó ń ta síni nímú di ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ ó sì máa dúró ní gbogbo ìlà láti mọ èwo nínú wọn ni. A ti sọ pé ìwé ìta gbọ́dọ̀ rọrùn láti padà sí. Ìwé tí kò ní àmì kò rọrùn láti padà sí.

Ìbéèrè: Mo gbàgbé ìwé kan sínú mọ́tò fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo ṣí i, ojú ìwé ń já bọ́ bí ewé gbígbẹ. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ ni wọn kò fi òwú rán; góòmù gbígbóná ni wọ́n fi di ojú ìwé mọ́ ẹ̀yìn. Inú mọ́tò tí wọ́n tì pa sínú oòrùn lè kọjá 50 dígíríì, ibi tó wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú sì ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Góòmù náà á rọ̀, bó bá tutù á le gbandi, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá wá tẹ́ ìwé náà pẹrẹsẹ, á là láàárín.

Bó bá jẹ́ ojú ìwé díẹ̀ ló já, ẹ ra góòmù funfun ti PVA, èyí tí kì í le gan-an tó bá gbẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ pa á sí etí inú ojú ìwé tó já, kó má ju mìlímítà méjì lọ ní fífẹ̀. Púpọ̀ jù ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: góòmù á tú jáde, á sì lẹ ojú ìwé mẹ́ta mìíràn pọ̀. Ẹ tì í wọlé títí á fi kan ẹ̀yìn ìwé, kí orí rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Ẹ ki bébà tí wọ́n fi ìda pa tàbí láílọ́ọ̀nù sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ pa ìwé dé, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e fún wákàtí 24. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù. Ooru á yọ́ àtè ara rẹ̀, á sì di pupa rúsúrúsú.

Kí ẹ tó ra ìwé tí ẹ fẹ́ máa gbé jáde, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè. Bí ẹ bá rí bébà tó ká kò ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, tí òwú sì hàn ní àárín ìdìpọ̀, wọ́n rán an ni, ó sì máa pẹ́. Bó bá jẹ́ pé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan dá wọ inú góòmù, ẹ rọra là á lọ́nà: ẹ ṣí bí ogún ojú ìwé láti iwájú, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìparí, ẹ máa ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi pàdé láàárín.

Ìbéèrè: Ìwé mi bọ́ sínú omi. Ọmọ mi fẹ́ sá a sóòrùn, mo ní kó dúró ná. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ dá a dúró. Oòrùn ń gbẹ ìta ìwé kí inú tó gbẹ, ojú ìwé á wá máa wú gángan, bébà rẹ̀ á sì pọ́n.

Bó bá jẹ́ omi iyọ̀, ẹ ti ìwé náà bọ omi tó mọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní dídé, láìṣí i. Iyọ̀ tó bá kù sínú rẹ̀ á máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́ títí láé. Ẹ rọra tẹ omi jáde láàárín aṣọ ìnura. Ẹ má fún un bí aṣọ. Ẹ gbé e dúró lórí tíṣù, kí ẹ̀yìn rẹ̀ là díẹ̀, ẹ fi tíṣù sábẹ́ èèpo iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ẹ sì máa ki ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àárín lẹ́yìn bí ogún ojú ìwé. Bí tíṣù bá pọ̀ jù, ẹ̀yìn ìwé á ṣẹ́. Kí gbogbo tíṣù náà má ju ìdámẹ́ta ìnípọn ìwé náà lọ. Ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ máa pààrọ̀ tíṣù náà léraléra. Fáànù ni kó máa fẹ́ sí ìyàrá, kì í ṣe sójú ìwé gan-an.

Nígbà tí ìwé bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, tó kàn tutù díẹ̀ lọ́wọ́, àkókò nìyẹn láti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ gbé pákó àti ẹrù lé e. Bí ẹ bá dúró kó gbẹ tán kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ìwúwú rẹ̀ kò ní lọ mọ́.

Ọjọ́ méjì ni gbèdéke yín. Láàárín wákàtí 24 sí 48 ni ìwé tútù ń bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Bí ẹ kò bá ráyè, ẹ dì í sínú láílọ́ọ̀nù, ẹ sọ ọ́ sínú fìrísà. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ títí ẹ ó fi ráyè. Ìwé tí bébà rẹ̀ ń dán, bíi ti àwòrán, kò gbọ́dọ̀ gbẹ ní pípadé rárá, nítorí ojú ìwé rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀ di páálí kan, kò sì sẹ́ni tó máa tú u. Fìrísà ni kí tirẹ̀ kọ́kọ́ dé. Má-ìkíróweefù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìbéèrè: Atẹ́gùn kì í jẹ́ kí n ka ìlà kan já.

Ìdáhùn: Rọ́bà méjì. Ẹ fi ọ̀kan de apá tí ẹ ti kà mọ́ èèpo iwájú, ẹ fi èkejì de apá tí ẹ kò tíì kà mọ́ èèpo ẹ̀yìn, ojú ìwé méjì tí ẹ ń kà nìkan ló máa wà lómìnira. Tí ẹ bá parí, ẹ yọ wọ́n kúrò. Rọ́bà tó pẹ́ lára ìwé nínú ooru máa ń yọ́, á sì fi àbààwọ́n sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ìpara tí mo fi ń dènà oòrùn ń ba ìwé mi jẹ́. Ojú ìwé ń dán, ó ń hàn sódì kejì.

Ìdáhùn: Òróró inú rẹ̀ ni. Ẹ pa á ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ẹ tó gbé ìwé, ẹ sì nu àtẹ́lẹwọ́ àti ìka nù dáadáa. Awọ ara ló nílò rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì tí ẹ bá fẹ́ tún un pa, ẹ fi ìyẹn ṣe àsìkò ìsinmi. Fún àbààwọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta, ẹ bu páúdà lé e, ẹ fi tíṣù bò ó, ẹ pa ìwé dé di òwúrọ̀, kí ẹ wá gbọ̀n ọ́n dànù. Yóò dín kù, ṣùgbọ́n kì í sábà lọ tán. Ẹ ṣọ́ èèpo ìwé tó ń dán náà, torí pé àwọn ìpara kan ń yọ àwọ̀ ara rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọrùn ló ń dùn mí ní tèmi. Dídùbúlẹ̀ ni mo fẹ́ràn.

Ìdáhùn: Àyà ni ẹ ń dùbúlẹ̀ lé, àbí ẹ̀yìn? Bó bá jẹ́ àyà, ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀hónú hàn láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ki aṣọ ìnura tí ẹ ká sábẹ́ àyà, kí ìwé sì gún òkè díẹ̀ dípò kó tẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, apá ló máa rẹ̀ yín, ìwé ńlá sì lè já lé yín nímú. Àga tó rọ̀gbọ̀kú ló sàn jù, pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ apá méjèèjì, kí òkè ìwé wà ní ìbámu pẹ̀lú àgbọ̀n yín. Tí ẹ bá ń tẹ orí ba kí ẹ tó rí lẹ́tà, ìwé ni kí ẹ gbé sókè.

Ìbéèrè: Iyanrìn ti wọ inú ìwé tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́ kí n tó dá a padà?

Ìdáhùn: Ẹ má pa ìwé náà dé kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, iyanrìn á gé góòmù ẹ̀yìn rẹ̀ bí ayùn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kọ́kọ́, torí iyanrìn tútù ń lẹ̀ mọ́ bébà. Ẹ di èèpo méjèèjì mú, ẹ dorí ìwé kodò kí ojú ìwé là sílẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ẹ fi ìka lu ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kíkùn tó rọ̀, tí kò kan ọ̀dà rí, gbá àárín ojú ìwé láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ní bí ojú ìwé ogún sí ogún. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á sọ ọ́ di ẹrẹ̀.